Orúkọ yín tó ń di =?UTF-8?Q? lójú àwọn tí ẹ kọ̀wé sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti orí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹgbẹ́ yín ń wọlé dáadáa sí Gmail, àmọ́ ní ọ́fíìsì àwọn kan, dípò "Ẹgbẹ́", =?UTF-8?Q?=E1=BA=B8gb=E1=BA=B9=CC=81?= ni wọ́n ń rí.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní fọ́ńtì ni o. Ohun tí àwọn tí à ń sanwó sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gbé ímeèlì wa) fún sọ fún mi nìyẹn. Ìkéde ìsìnkú àgbà ẹgbẹ́ wa kan ni mo fi ránṣẹ́. Gbogbo ẹ, ọ àti ṣ inú orúkọ olóògbé di àmì ìbéèrè. Àwọn ọmọ bàbá ń pè mí, wọ́n rò pé mo fi bàbá àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo pe àwọn onísáfà, wọ́n ní kí n yí fọ́ńtì padà. Mo tún pè, ọ̀gbẹ́ni kan wá ń bi mí pé ṣé a ò lè máa kọ ọ́ láìfi àmì sí i ni. Èsì tí mo fún un kò ṣeé kọ síbí.

Header ímeèlì (àwọn ìlà òkè tó ń gbé orúkọ àti àkọlé), ASCII, ìyẹn lẹ́tà àti àmì Gẹ̀ẹ́sì lásán, nìkan ló mọ̀ látilẹ̀wá. RFC 2047, ìwé òfin ímeèlì ti 1996, ló ní kí á máa di àwọn lẹ́tà yòókù sínú àpò, láti =?UTF-8?Q? dé ?=, kí àpò kan má sì ju àmì 75 lọ. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò sì fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Báìtì 5 nìyẹn, tó ń di àmì 15 tí wọ́n bá fi Q dì í, torí Q ń kọ báìtì kọ̀ọ̀kan bí àmì mẹ́ta, bíi =E1. Irú ẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré, pẹ̀lú àmì 12 tó jẹ́ ti àpò fúnra rẹ̀, àpò ti kún! Sáfà tí kò bìkítà á wá gé lẹ́tà kan sínú àpò méjì, bẹ́ẹ̀ RFC yẹn kan náà ló ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Tiwa tilẹ̀ burú jù: sáfà àtijọ́ kan lójú ọ̀nà ló yí i sí Windows-1252, àkójọ lẹ́tà àtijọ́ kan tí kò ní ẹ rárá. Ohun tó bá ti di "?" ti lọ nìyẹn, ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun á dá a padà.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má ní kí àwọn ará ọ́fíìsì yẹn forward ímeèlì náà sí yín, header tuntun ló máa gbé wá. Kí wọ́n da header ti àkọ́kọ́ kọ ránṣẹ́. Lórí Gmail, "Show original" ni.

Tiyín, ó jọ pé àmì àyọlò (" ") tó yí orúkọ ká ní From, ìlà ẹni tó kọ̀wé, ló fà á. RFC yẹn kò gba àpò láyè láàárín àmì àyọlò. Àwọn ètò ímeèlì kan á fojú fo òfin yẹn, wọ́n á tú àpò náà. Àwọn tó ń tẹ̀lé òfin á gbé e jáde bó ṣe wà. Ẹ yọ àmì àyọlò náà, ó tán. Ẹ wo Reply-To, ìlà ibi tí èsì ń lọ, náà.