Òtútù ni rásíbẹ́rì ń wá, kì í ṣe ajílẹ̀

Okun o, àbúrò mi. O ní rásíbẹ́rì, èso pupa kékeré ilẹ̀ olótùútù yẹn, tí o gbìn sẹ́yìnkùlé ní Ìsánlú ti pé ọdún méjì, ewé nìkan ló ń yọ, o wá ń béèrè irú ajílẹ̀ tó yẹ ẹ́. Jọ̀wọ́, fi owó ajílẹ̀ sápò.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbìn ín ní Scotland, níbi tí ilẹ̀ ti gbà á bí ilẹ̀ Yàgbà ṣe gba iṣu. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe dùn mí púpọ̀: nígbà tí òtútù mú, tó wọ́wé tán, mo rò pé ó ti kú, mo bẹ́ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èso kan ṣoṣo n kò rí. Ìyá àgbà kan tó múlé tì wá ló pè mí sídìí tirẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ pa ẹ̀ka méjì. Ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀. Èkejì ti gbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èèpo rẹ̀ ń bó. Ẹ̀ka tuntun kì í so lọ́dún tó bá yọ. Ó gbọ́dọ̀ la òtútù kọjá, kó so lọ́dún kejì, kó tó wá kú. Èyí tó ti so tán yẹn là ń gé. Irú kan wà tó ń so lórí ẹ̀ka ọdún náà, ìyẹn nìkan lèèyàn lè bẹ́ mọ́lẹ̀ láìbẹ̀rù.

Òtútù àárín yẹn gan-an ni a ò ní. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú rásíbẹ́rì ń fẹ́ nǹkan bí 800 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú ọjọ́ kò gbóná ju 7°C lọ, kí òdòdó tó jí. Ọyẹ́ wa, bó ti wù kó la ètè wa tó, kò débẹ̀. Nígbà tí mo padà sí Kàbbà, mo fi kóró rẹ̀ sí fíríìjì fún oṣù mẹ́ta kó lè hù. Ó hù, ó dé mi lórúnkún. Mo fi imí adìẹ sí i, mo fi koríko bo ìdí rẹ̀, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́. Oòrùn oṣù kẹta dé, etí ewé rẹ̀ dúdú bí ewé tí iná rá. Ọdún mẹ́ta, òdòdó kan kò yọ.

Orí ebè yẹn náà ni mo wá gbin ọmọ ọ̀pẹ̀yìnbó sí. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọmọ ìdí rẹ̀ ló ń rọ́pò rẹ̀. Jẹ́ kí ojú ibi tí o ti já a gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó gbìn ín, má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ wọ àárín ewé rẹ̀. Èyí tí iyẹ̀pẹ̀ wọ̀ nínú tèmi ló jẹrà. Àwọn tó kù so ní oṣù 18.