Ẹni tí ń lu àwo orin ni ó ṣáájú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo máa ń gbọ́ pé nígbà tí hip hop bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyà tí ń jẹ mẹ̀kúnnù ni àwọn olórin rẹ̀ ń kọ lórin, kì í ṣe fáàrí owó àti mọ́tò bí ti ìsinsìnyí. Ìgbà wo ni ó yí padà, kí sì ni ó yí i padà? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ṣe, nítorí ijó ni hip hop fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀hónú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá ní ilé alájà púpọ̀ tí ó wà ní 1520 Sedgwick Avenue, ní àdúgbò Bronx ní New York, kí ó lè rí owó ra aṣọ tí yóò wọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́. Obìnrin san sẹ́ńtì 25, ọkùnrin san 50. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Clive, ọmọ Jàmáíkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kool Herc, ni ó ń lu àwo orin.

Herc ti ṣàkíyèsí pé àwọn oníjó kì í fi gbogbo ara jó àfi bí orin bá dé ibi tí akọrin àti fèrè ti dákẹ́, tí ó ku ìlù nìkan. Ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ kọjá. Ó wá ra ẹ̀dà méjì àwo kan náà, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá fẹ́ tán lórí ti ọ̀tún, yóò ṣí ti òsì, yóò fi ọwọ́ yí ti ọ̀tún padà síbi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe é lọ títí ìlù ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ yóò fi di ti ìṣẹ́jú púpọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí onílù méjì tí wọ́n ń gba ìlù fún ara wọn láìjẹ́ kí ijó já yóò mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Coke La Rock, tí ó di gbohùngbohùn mú, kò ṣe ju kí ó máa dárúkọ àwọn ojúlùmọ̀ tí ó wà lójú agbo, kí ó máa yìn wọ́n, kí ó sì máa dá àpárá. Fáàrí tí ẹ ń bínú sí kì í ṣe àlejò nínú orin náà rárá.

Ọdún 1979 ni nǹkan dojú rú, nígbà tí Sylvia Robinson, oníléeṣẹ́ àwo orin kan ní New Jersey, kó ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta jọ láti ṣe “Rapper’s Delight”. Àwọn onílù àti onígìtá ni ó ní kí wọ́n lu ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹni tí ń yí àwo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀ mọ́, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ sì di olóko. Orin ìyà mẹ̀kúnnù tí ẹ ní lọ́kàn, “The Message”, kò jáde títí di 1982. Orúkọ Grandmaster Flash, ògbóǹtarìgì nínú yíyí àwo, ni ó síwájú lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Flash kò sí nínú orin náà! Níparí ọdún 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York pàṣẹ pé Biz Markie, olórin ráàpù kan, kò gbọdọ̀ gé lára àwo orin ẹlòmíràn fi sínú tirẹ̀ láìgba àṣẹ. Láti ìgbà náà, olówó nìkan ni ó lè máa to ègé orin púpọ̀ léra wọn, ìró hip hop sì yí padà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ohùn èdè Yorùbá kò jẹ́ kí ó gba ráàpù? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Akọrin ni ó yẹ kó máa bẹ̀rù kí orin má baà sọ ọkọ́ di ọkọ̀. Ẹni tí ń ṣe ráàpù ń sọ̀rọ̀ ni, ohùn rẹ̀ dúró síbi tí ó yẹ. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìparí ìlà: ìlú àti òkú bá ara wọn lọ létí tiwa, ṣùgbọ́n ìlú àti ìlù kò bá ara wọn lọ bẹ́ẹ̀, bí fáwẹ̀lì wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lord of Ajasa, olórin ráàpù, ti ń fi Yorùbá ṣe é kí Dagrin, olórin ráàpù bíi tirẹ̀, tó gbé àwo orin C.E.O. jáde ní 2009, oṣù díẹ̀ kí ó tó kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2010. Orúkọ oyè ọ̀gá iléeṣẹ́ ni ó yá fún àwo náà, ṣùgbọ́n O tí ó kẹ́yìn, ọmọ ìta ni ó pè é.