Ẹ Bi Wá: Ṣé bàlúù tó ń lọ yára ju èyí tó ń bọ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń gbé ní New York wálé wá ṣe Ojúde Ọba lọ́dún yìí. Nígbà tó ń bọ̀, aago kan ọ̀sán ni bàlúù gbéra lọ́hùn-ún, aago mẹ́rin ìdájí ló balẹ̀ n'Íkẹjà. Nígbà tó ń padà, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n gbéra, ó ní aago márùn-ún ìdájí làwọn balẹ̀. Mo ṣírò ẹ̀, wákàtí 15 ní bíbọ̀, mẹ́fà péré ní lílọ! Àbí ayé tó ń yí ló ń gbé New York wá pàdé wọn ni? (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Mà, ẹ kú àlejò ọmọ. Aago ló ń dàrú mọ́ yín lójú o, kì í ṣe bàlúù. Lásìkò yìí, wákàtí márùn-ún ni New York fi wà lẹ́yìn wa, tọ́yẹ́ bá dé á di mẹ́fà torí àwọn máa ń yí aago tiwọn, àwa kì í yí tiwa. Ká ní ẹ wo aago ara ògiri yín nígbà tó balẹ̀ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Wákàtí 11 ló fi lọ nìyẹn. Aago kan ọ̀sán tó gbéra ní tiwọn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni níbí, wákàtí 10 ló fi bọ̀. Ṣẹ́ ẹ wá rí i pé bíbọ̀ gan-an ló yá?

Ọ̀nà kan náà ni o, bíi kìlómítà 8,400. Atẹ́gùn ló fa wákàtí kan yẹn. Lókè lọ́hùn-ún, ní bíi kìlómítà 10 sókè, atẹ́gùn líle kan wà tí wọ́n ń pè ní jet stream, láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ wá sí ìlà oòrùn, nígbà míì ó máa ń sáré ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Ó ń ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń kọjú ìjà sẹ́ni tó ń lọ. Ẹ bi àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi Ìwòpin, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ.

Ti ayé tó ń yí yẹn, rárá jàre. Atẹ́gùn tó yí wa ká ń bá ayé yí ni, bàlúù sì wà nínú ẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, hẹlikọ́pítà á kàn rọ̀ sókè Ìtòrò fún wákàtí márùn-ún, Colombia á wá bá a níbẹ̀, ta ló máa wá ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti London? (Awakọ̀, Ṣàgámù)

Ìdáhùn: Ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. London wà lókè wa tààrà níhà àríwá, bíi kìlómítà 5,000, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀, atẹ́gùn yẹn kàn ń fẹ́ lu bàlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Aago wọn bá tiwa dọ́gba báyìí, lásìkò ọyẹ́ ni wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin awakọ̀, láti Ṣàgámù dé Ìkẹjà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín, kò sí jet stream tó máa tì yín o, ẹ tètè kúrò nílé.