Àpótí wo ni kí n fi tọ́jú ìbọn Bàbá mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọdẹ ni bàbá mi, wọ́n sì jáde láyé lọ́dún tó kọjá ní Òmù-Àrán. Ìbọn méjì ni wọ́n fi sílẹ̀: ẹlẹ́nu méjì kan tó ní ìwé, àti ṣakabùlà kan. Èmi ni àkọ́bí. Ìlọrin ni mò ń gbé, ní Tanke, èmi, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun máa fi kọ́bọ́ọ̀dù ìbọn tí wọ́n kọ BS 7558 sí lára ránṣẹ́. Wẹ́dà àdúgbò wa ní ká má fowó ṣòfò, òun á ṣe é. Èwo ni kí n mú? Ṣé mo sì lè kó ẹ̀tù Bàbá sínú rẹ̀?
— Ọmọ Ọdẹ, Tanke

ÌDÁHÙN: Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. O bi mí ní àpótí, èmi ń bi ọ́ ní ìwé. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìbọn yẹn? Ti Bàbá ni, àbí? Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1959, kò ka ìwé ìbọn mọ́ ogún. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ nìkan ló ni ín. Bó bá ti papòdà, ẹni tí ìbọn bọ́ sí lọ́wọ́ ní láti jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́ sí i. Ẹ lè pín ilé, ẹ lè pín oko; ìbọn kò sí nínú ohun tí mọ̀lẹ́bí ń jókòó pín. Àmọ́rì ọlọ́pàá, ibi tí wọ́n ń kó ìbọn sí, ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀fà, àwọn tí mo rí tí irú ọ̀rọ̀ yìí kó bá kì í ṣe adigunjalè. Ọmọ olóògbé ni wọ́n, ọmọ dáadáa, tí ìbọn bàbá wọn wà lókè àjà láti ọjọ́ ìsìnkú.

Nítorí náà, má tíì gbé ìbọn kankan sínú ọkọ̀ wá sí Ìlọrin. Ṣọ́jà tó bá dá ọ dúró lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo kò ní gbọ́ "ogún bàbá mi ni". Fi ìbọn síbi tó wà, tilẹ̀kùn yàrá náà, kó o mú ìwé ìbọn àti ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá lọ bá DPO ní Òmù-Àrán. Àwọn ló máa sọ bí ìbọn ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wọn, àti bí ìwọ náà ṣe lè béèrè fún ìwé tìrẹ. Abẹ́ àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé ẹlẹ́nu méjì wà. Ṣakabùlà náà ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló gbà pé kò ní, irọ́ ni.

Ó wá ku àpótí. BS 7558 tí àbúrò rẹ ń wí, òṣùwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Lọ́dọ̀ wọn, ọlọ́pàá a máa wá wo ibi tí èèyàn fẹ́ tọ́jú ìbọn sí kí wọ́n tó fún un níwèé. DPO wa kò ní bi ọ́ ní nọ́ńbà yẹn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kó o mú: irin tó nípọn tó mìlímítà 2, ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí bí olè bá tiẹ̀ gé híńjì rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gidi, àti bóòtù tó dè é mọ́ ilé láti inú. Wẹ́dà yín lè ṣe gbogbo èyí. Owó tí àbúrò rẹ fẹ́ fi kó kọ́bọ́ọ̀dù náà sínú ọkọ̀ òkun, ẹ jẹ́ kó fi ránṣẹ́.

Àmọ́ jókòó ti wẹ́dà náà. Tó ò bá sí níbẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa lò, á wá fi ọ̀dà dúdú tó ń dán bò ó. Fi àtàǹpàkò tẹ àárín ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa. Bó bá wọnú tó tún ta padà, má san owó tó kù. Má gbà kó so àgádágodo mọ́ ọn níta. Irin gígùn kan báyìí ló ń já a. Kọ́kọ́rọ́ inú ilẹ̀kùn ni kó fi sí i.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ jù ni ògiri. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Tanke. Bí o bá gbá bóòtù mọ́ ihò lásán, ọkùnrin méjì á fà á tu ká tó ṣẹ́jú. Ara òpó kọnkéré ni kó o gbá a mọ́, tàbí kí bóòtù la ògiri já kí awo irin gbà á lẹ́yìn. Kó wà ní yàrá tìrẹ, kì í ṣe pálọ̀ tí àlejò ti ń rí i.

Ọta yóò ní àpótí tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Má fi kọ́kọ́rọ́ kankan sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń fi mílíìkì pamọ́ sí ti mọ ibẹ̀. Lásìkò òjò, má fi ìbọn sílẹ̀ nínú àpò fóòmù, omi ló ń mu. Fi òróró nù ún, kó o dá a dúró lásán.

Ẹ̀tù ńkọ́? Láéláé! Ẹ̀tù tó wà ní gbangba, bí iná bá kàn án, á jó fùú. Èyí tí irin há mọ́ ló ń bú gbàù, ìwọ lo sì fẹ́ bá a wá irin onímìlímítà 2 yẹn. Má dà á nù, má sun ún. Sọ fún DPO pé ó wà níbẹ̀.

Ṣakabùlà yẹn náà, má fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀. Àwọn àgbà ọdẹ a máa ki ẹ̀tù sínú rẹ̀ sílẹ̀ de òru, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Bẹ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọdẹ Bàbá kó yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú ọlọ́pàá. Yóò yí ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí èèyàn, yóò ki ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi dúró, yóò fi ìka sàmì sí ọ̀pá níbi ẹnu, yóò fà á yọ, yóò sì tẹ́ ẹ sí ara ìbọn níta, kí àmì náà bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí orí ọ̀pá kò bá dé ibi ihò iná, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀.