Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi tó jìnnà, inú mi rú, mo sì bì: kí ló ṣe mí?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kìlómítà 50 ni mo máa ń gùn lópin ọ̀sẹ̀, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Sátidé tó kọjá mo bá àwọn kan tó lágbára jù mí lọ jáde, a gùn tó 110, gbogbo ibi tí òkè wà ni mo ń fi tipátipá tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó kù bíi 20 inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rú, omi dídùn tí mo gbé dání ò wọlé mọ́, bí mo ṣe dúró tí mo sọ̀ kalẹ̀ báyìí òòyì kọ́ mi, mo sì bì. Òtútù mú mi títí di alẹ́, mi ò lè jẹun, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì gbogbo ara ló ń ro mí. Ṣé àìsàn ló fẹ́ ṣe mí ni àbí kẹ̀kẹ́ yẹn ló fà á? Ìgbà wo ni mo lè padà sórí ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira. Ohun tó dáa jù nínú àlàyé yín ni pé ẹ sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, torí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí àsìkò ló máa ń tú àṣírí ohun tó fà á. Inú yín rú nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń tẹ pẹ́dà, òòyì kọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ dúró, òtútù wá dé lẹ́yìn ẹ̀. Àìsàn kọ́ rárá lójú tèmi, eré yẹn ló le ju agbára yín lọ, ibi mẹ́ta ló sì ti fara hàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti inú. Téèyàn bá ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà, iṣan ẹsẹ̀ ló ń gba ẹ̀jẹ̀ jù, awọ ara náà ń gba tiẹ̀ kí ooru lè ráyè jáde, ikùn àti ìfun ni wọ́n ti máa ń mú un, tí eré bá sì wá le gan-an ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ìfun lè dín kù ju ìdajì lọ. Ikùn tí ò rẹ́jẹ̀ tó ò lè ṣiṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ bá mu á kàn jókòó síbẹ̀ ni, tó bá ti kún á padà wá sókè. Bẹ́ẹ̀ ẹ tún tẹ̀ ba sórí kẹ̀kẹ́, ìyẹn náà ń tẹ ikùn.

Omi dídùn yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti rí i pé agbára ń tán lọ máa ń da páúdà oníṣúgà tí wọ́n fi ń po omi dídùn náà kún un, wọ́n rò pé bó bá ṣe dùn tó ló ṣe máa ṣiṣẹ́ tó. Òdìkejì ni o. Tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú omi, kì í tètè kúrò nínú ikùn, inú á wá máa rú sí i. Gíráàmù 60 sí 80 nínú lítà omi kan ló dáa, 60 yẹn tó bíi ṣíbí tíì 15 tí ò ga, torí náà ẹ wọ̀n ọ́n nílé kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ má fojú bù ú.

Òòyì yẹn rọrùn láti ṣàlàyé. Iṣan ẹsẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tẹ́ ẹ ń gùn ún, tẹ́ ẹ bá dúró lójijì ẹ̀jẹ̀ á kó sísàlẹ̀, ọpọlọ ò ní rí tó. Ìṣẹ́jú 10 tó kẹ́yìn, ẹ máa rọra tẹ pẹ́dà jẹ́ẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ti òtútù, ṣúgà tí ara kó pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ti tán, bí eré bá le kì í ju wákàtí kan àtààbọ̀ sí méjì lọ, aṣọ yín ti rẹ fún òógùn, ẹsẹ̀ tó ń mú ooru jáde sì ti dúró. Ẹ bọ́ aṣọ tútù yẹn kíá, ẹ wọ èyí tó gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ máa fi ẹnu kan omi díẹ̀díẹ̀, tí inú bá ti rọlẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ búrẹ́dì lásán tàbí ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ mu omi ẹ mu omi, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń da omi lásán sínú fún wákàtí mẹ́rin márùn-ún lè mu ún débi tí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ jù, òun náà á sì máa bì, orí á máa fọ́ ọ, bákan náà gẹ́lẹ́ ló ṣe máa rí pẹ̀lú ẹni tí omi ò tó lára ẹ̀! Ohun tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni ìwọ̀n. Ẹ gun ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ tún gùn ún tẹ́ ẹ bá dé. Tẹ́ ẹ bá fi kílò kan fúyẹ́, lítà omi kan ló ti jáde lára yín nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wá wúwo ju ìgbà tẹ́ ẹ lọ, omi ti pọ̀ jù, ẹ má mu kún un, tí orí bá ń fọ́ tàbí tẹ́ ẹ bá ń bì pẹ̀lú ẹ̀ ọ́síbítù ló yá.

Ara ríro yẹn á le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ó sì máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé ibuprofen mì torí ẹ̀ nígbà tí omi ò tíì padà sára yín, kíndìnrín ló máa ń jìyà ẹ̀, èyí táwọn kan sì ń lò kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ rárá, kí wọ́n jáwọ́, ó ń pa ìfun lára.

Àwọn àmì kan wà tí ò yẹ kéèyàn fi dúró sílé. Ẹni tí ara ẹ̀ ń jó bí iná tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ò mọ ibi tó wà mọ́, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn, ara ẹ̀ lè ti kọjá 40 sẹ́ńtígíréèdì, ẹ da omi tútù sí gbogbo ara ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ máa pe àwọn tó máa gbé e lọ ọ́síbítù. Àyà dídùn náà, èébì tí ò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí ìgbẹ́, kò sí èyí tẹ́ ẹ máa fi sùn nínú wọn.

Ẹ lè padà sórí kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ń jẹun dáadáa, tí ara ò ro yín mọ́, tí ọkàn yín sì ti ń lù bó ṣe máa ń lù láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Wákàtí kan péré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹhẹlẹ. Láti 50 bọ́ sí 110 ti pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa fi 10, 10 kún un, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láti ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́, kí ebi tó dé, gíráàmù ṣúgà àti sítáàṣì (èyí tó ń di ṣúgà nínú ara) 30 sí 60 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó mọ níwọ̀n ní bíi 25 nínú. Tí àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde bá gun òkè kọjá yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé pé kí wọ́n dúró dè yín lókè.

Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta sí i, ẹ ṣáà máa wo ìtọ̀ yín. Tó bá dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, tí itan sì wú tàbí tó ń ro yín kọjá bó ṣe yẹ, iṣan lè ti máa bàjẹ́, ohun tó ń tú jáde nínú ẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ má dúró kó di ọjọ́ kejì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.