Kí Ló Dé Tí Búǹsì Mennonite Tí Mo Ń Ṣe Kì Í Fúyẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe búǹsì oníyíìsì ti àwọn ará Mennonite, ìyẹn ìjọ Kristẹni kan, nílé, èyí tí wọ́n máa ń gbé kékeré lé ńlá lórí, tí wọ́n ń pè ní Zwieback. Ife fúláwà mẹ́jọ ni ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń pò ó ni yóò máa lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi náà á sì máa bu fúláwà sí i títí yóò fi ṣeé mú. Tó bá jinná, inú rẹ̀ á kì, ti òkè á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti le. Yíìsì mi kò kú, torí ó máa ń hó dáadáa. Níbo ni mo ti ń ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ ti fẹnu ara yín dáhùn rẹ̀: fúláwà tí ẹ ń bù sí i yẹn ni.

Àpòpọ̀ búǹsì tó máa rọ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Yíìsì ló ń tú afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ tó lómi dáadáa, tó sì ń fà, nìkan ni afẹ́fẹ́ yẹn lè fẹ̀. Bí fúláwà bá ti pọ̀ jù fún omi tó wà níbẹ̀, àpòpọ̀ á gan, yíìsì á máa ṣiṣẹ́ lásán, búǹsì á sì kì. Òun náà ló ń mú kó tètè le, nítorí omi tí kò sí níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kò lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ife gan-an ń dá kún ọ̀ràn náà. Bí ẹ bá fi ṣíbí bu fúláwà sínú ife jẹ́jẹ́, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀, ó máa tó 120 gíráàmù. Bí ẹ bá ki ife náà bọ inú àpò fúláwà, ó lè di 150. Nínú ife mẹ́jọ, ìyàtọ̀ yẹn ti di 240 gíráàmù, ìyẹn odidi ife méjì tí ẹ ti fi lé e láìmọ̀, kí ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu tọwọ́ yín. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń lò ní ilé ìdáná. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé ìyẹn kí ẹ tó ronú ẹ̀rọ ìpofúláwà.

Ìwọ̀n tó máa ṣe búǹsì alórí 13 tàbí 14 nìyí: 500 gíráàmù fúláwà búrẹ́dì, 180 gíráàmù mílíìkì, 100 gíráàmù omi tí ẹ fi se pòtétò láìfi iyọ̀ sí i, ẹyin kan, 90 gíráàmù bọ́tà tó ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò yọ́, 40 gíráàmù ṣúgà, 9 gíráàmù iyọ̀, àti 7 gíráàmù yíìsì irú èyí tí a lè dà pọ̀ mọ́ fúláwà ní tààrà. Tó bá jẹ́ irú èyí tí a máa ń kọ́kọ́ rẹ ni ẹ ní, ẹ lo 9 gíráàmù, kí ẹ sì fi lára omi pòtétò yẹn rẹ ẹ́. Ẹ má bu omi mìíràn lọ́tọ̀. Ẹ má sì fi ṣúgà kún èyí tí mo kọ yìí nítorí pé ẹ fẹ́ kó dùn. Tí ṣúgà bá ti pọ̀ jù, ó máa ń fa omi mọ́ yíìsì lọ́wọ́, wíwú rẹ̀ á sì falẹ̀.

Ẹ má fojú kéré omi pòtétò. Sítáàṣì tó wà nínú rẹ̀ máa ń di omi mú, ìyẹn ló ń jẹ́ kí búǹsì ṣì rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ Sátidé làwọn Mennonite tó ti gúúsù Rọ́ṣíà, tó jẹ́ Ukraine lónìí, ṣí lọ sí Kansas ní Amẹ́ríkà àti Manitoba ní Kánádà láti 1874 máa ń yan búǹsì wọn, fún oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ Sunday tí wọ́n ń pè ní Faspa. Búǹsì tó bá le kí ilẹ̀ Sunday tó mọ́ kò wúlò fún wọn.

Ẹ gbé mílíìkì kaná títí èéhó kéékèèké yóò fi yọ létí ìkòkò, kí ẹ sọ̀ ọ́. Nǹkan kan wà nínú mílíìkì tí a kò tíì gbé kaná tó máa ń dẹ gluten, ìyẹn okùn tó ń fà nínú fúláwà, iná ló sì ń borí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó fi kan yíìsì, láàárín 35 sí 40°C. Tí ìka yín kò bá lè dúró nínú rẹ̀ láìta yín, yíìsì náà kò lè dúró níbẹ̀. Tó bá ti kọjá 55°C, ó ń kú nìyẹn.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, àfi bọ́tà. Ẹ kàn rò ó títí fúláwà gbígbẹ kò fi ní hàn mọ́, kí ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìsinmi yìí. Láàárín àkókò yẹn ni fúláwà ń mu omi fúnra rẹ̀, àpòpọ̀ tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ tẹ́lẹ̀ á sì ti dẹ̀rọ̀ láìfi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa pò ó lórí tábìlì tí kò ní fúláwà: ẹ nà án, ẹ ká a, ẹ yí i, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tó bá lẹ̀ mọ́ tábìlì, ẹ fi abẹ ọ̀bẹ ha á kúrò. Ìgbà yìí ni kí ẹ máa fi bọ́tà sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tètè fi bọ́tà sí i, yóò bo fúláwà lára, okùn gluten kò sì ní so mọ́ra. Àpòpọ̀ á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé ó bàjẹ́, á máa yọ̀, á máa já. Ẹ máa bá a lọ, ó máa padà so pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tó: ẹ já díẹ̀ bí èso àgbàdo mẹ́wàá, ẹ fi ìka fà á jẹ́jẹ́ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Tó bá fẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó ya, ó ti tó. Tó bá já pátì, ẹ ṣì ní iṣẹ́ níwájú.

Ẹ bò ó síbi tó móoru díẹ̀, bíi 26°C, títí yóò fi di ìlọ́po méjì, wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Ojú ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe aago.

Nípa ti òkè tó ń wó: ẹ fi bọ́tà pa ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣe òrùka, kí ẹ fún àpòpọ̀ gba àárín rẹ̀ jáde kí ara rẹ̀ lè dán, kí ẹ wá fún un já. Ti ìsàlẹ̀ kó jẹ́ 45 gíráàmù, ti òkè 25. Ẹ gbé ti òkè sí àárín gan-an, kí ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ láti orí, kó gún régé, títí ìka yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan páànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù pé àwọn á bà á jẹ́, wọ́n á kàn tẹ̀ ẹ́ lórí lásán, torí náà méjèèjì kò ní so mọ́ra. Fúláwà gbígbẹ tó bá wà láàárín wọn náà kì í jẹ́ kí wọ́n lẹ̀, ìyẹn sì tún mú wa padà sí fúláwà yín yẹn.

Ẹ jẹ́ kó wú lẹ́ẹ̀kejì fún 30 sí 45 ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ojú ibẹ̀ bá ta padà lójú ẹsẹ̀, kò tíì yá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sán nínú ààrò. Tó bá rọra ń padà, tó sì ṣẹ́ ku àpá díẹ̀, ó ti yá. Tí kò bá padà rárá, ó ti wú kọjá àlà: ti ìsàlẹ̀ á rọ̀ jù láti gbé ti òkè, á sì wó.

Ààrò yín gbọ́dọ̀ ti gbóná dé 190°C kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ yan án fún ìṣẹ́jú 18 sí 20, ní àárín ààrò. Tí ẹ bá ní ohun tí a fi ń wọn ooru, àárín búǹsì gbọ́dọ̀ tó 90°C. Ẹ fi bọ́tà pa á lórí bó ṣe ń jáde, kí ẹ sì kó o kúrò nínú páànù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí oru má baà rin ìdí rẹ̀.

Ẹ má kó o sínú fíríìjì. Ibẹ̀ ló ti ń yára le jù. Èyí tí ẹ kò ní jẹ tán láàárín ọjọ́ méjì, ẹ kó o sínú fírísà lọ́jọ́ tí ẹ yan án. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó pẹ́ láìsí fírísà, ẹ ya ti òkè kúrò lára ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ooru 100°C gbẹ ẹ́ títí yóò fi le látòkè dé àárín. Irú èyí làwọn tó ń ṣí kúrò ní Rọ́ṣíà kó dání fún ìrìnàjò ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan wò kí ẹ tó kó o pamọ́: tí àárín rẹ̀ bá ṣì rọ̀, ẹ dá a padà sínú ààrò, torí ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í hu.