Ìbéèrè Òǹkàwé: Yíyẹ fáìlì hbm.xml wò kó tó dé sáfà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Hibernate, irinṣẹ́ tó ń so kíláàsì Java pọ̀ mọ́ tábìlì dátábéèsì, là ń lò níbi iṣẹ́ wa. Fáìlì hbm.xml wa, tó ń sọ kíláàsì tó bá tábìlì kọ̀ọ̀kan mu, sì lé ní 40. Àṣìṣe inú wọn kì í hàn àfi tí ètò bá dé orí sáfà. A ti fi hbm2ddl.auto sí validate, ètò tó ń mú kí Hibernate fi fáìlì wé tábìlì nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àṣìṣe ṣì ń yọ́ kọjá. Kí la lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé o. Àṣìṣe oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ti XML fúnra rẹ̀, ti kíláàsì Java, àti ti tábìlì; ohun tó ń mú ọ̀kan kì í mú èkejì. Ìkẹta ni iṣẹ́ validate tí ẹ gbára lé, kò sì mú un tán.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ XML fúnra rẹ̀ wò. Òfin rẹ̀ (DTD) ni hibernate-mapping-3.0.dtd, inú jar hibernate-core ló wà, lábẹ́ org/hibernate. Ẹ yọ ọ́ síta, kí ẹ pàṣẹ yìí:

xmllint --noout --nonet --dtdvalid hibernate-mapping-3.0.dtd *.hbm.xml

Kò nílò Java, kò nílò dátábéèsì. Ohun tó sábà máa ń mú ni títò: id ló ń ṣíwájú, version á tẹ̀lé e, kí property tó dé. Bí version bá wà nísàlẹ̀ property, DTD ò ní gbà á.

Ṣùgbọ́n DTD ò mọ Java. Bí ẹ bá kọ name="fonu" nígbà tó jẹ́ foonu ló wà nínú kíláàsì, xmllint á jẹ́ kó kọjá. Ìdánwò JUnit (irinṣẹ́ ìdánwò Java) kan ló ń mú ìyẹn, èyí tó ń lo hibernate.cfg.xml yín gan-an:

new MetadataSources(
  new StandardServiceRegistryBuilder().configure().build())
  .buildMetadata().buildSessionFactory().close();

Níbẹ̀ ni Hibernate ti ń wá kíláàsì àti property kọ̀ọ̀kan. Ó tún ń yẹ àwọn ìbéèrè HQL (èdè ìbéèrè ti Hibernate) tí ẹ sọ lórúkọ wò, bí ẹ kò bá ti pa hibernate.query.startup_check. Ẹ jẹ́ kí ìdánwò náà ka fáìlì inú fódà, kó fi wé àwọn tí cfg.xml dárúkọ, torí fáìlì tí ẹ gbàgbé láti dárúkọ ò ní pariwo níbí rárá.

Ó wá ku tábìlì. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á jẹ́ kí Hibernate fi create-drop dá tábìlì ìdánwò, wọn á wá ní kí ó fi fáìlì wé e. Ohun tó fúnra rẹ̀ dá ló ń yẹ̀ wò yẹn, kò lè rí àléébù kankan. Àwọn SQL tí ẹ fi ń tún tábìlì orí sáfà ṣe ni kí ẹ fi kọ́ dátábéèsì òfìfo, irú kan náà pẹ̀lú ti orí sáfà. Bó bá jẹ́ PostgreSQL, ẹ gbé PostgreSQL sínú Docker (irinṣẹ́ tó ń gbé ètò sínú àpótí tirẹ̀), ẹ má fi H2, dátábéèsì kékeré tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìdánwò, dípò rẹ̀, torí irú kọ́lọ́ọ̀mù wọn ò bára mu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tan validate. Bí nǹkan bá sọnù, ẹ ó rí i báyìí:

Schema-validation: missing column [foonu] in table [onibara]

Ohun tó ń yọ́ kọjá lọ́wọ́ yín nìyí: validate ń wo tábìlì, kọ́lọ́ọ̀mù àti irú kọ́lọ́ọ̀mù. Kì í wo length, not-null tàbí unique. Bí fáìlì bá ní length="100", tí tábìlì sì jẹ́ varchar(50), kò ní sọ nǹkan kan títí orúkọ tó ní lẹ́tà 60 yóò fi dé. Ẹ ka character_maximum_length àti is_nullable láti inú information_schema.columns, kí ìdánwò fi wé ohun tí fáìlì wí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó yẹ kí iṣẹ́ tuntun ṣì lo hbm.xml?

ÌDÁHÙN: Rárá. Láti Hibernate 6 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ká fi í sílẹ̀. Ẹ lo annotation, àmì tí a ń kọ sínú kíláàsì Java fúnra rẹ̀, tàbí orm.xml bí ẹ bá fẹ́ XML. XSD, kì í ṣe DTD, ni òfin ti orm.xml, nítorí náà xmllint --schema ni ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.